Orúkọ Inú Yàrá

Iṣu mẹ́ta ni Rissikatou bẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ilé tó jẹ́ pé ẹyọ kan àti ààbọ̀ ló ń yó wọn. Agnès, ìyá ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo bí èèpo ṣe ń ga nínú agbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú èèpo kan, ó wo bí ó ṣe nípọn tó, ó sì jù ú padà.

"Ìyàwó, àlejò mélòó la ní?"

"A ò ní àlejò, Màámi."

"Ta ló wá fẹ́ jẹ iṣu mẹ́ta?"

"Ebi lè pa wá lónìí."

"Ebi lè pa wá." Agnès tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò dé wò. "Nínú ọdún tí iṣu wọ́n yìí. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ kò tíì léyín. Èmi ò kí í jẹ iyán lọ́sàn-án. Bàbá ọkọ rẹ ń jẹ òkèlè márùn-ún, ó ń ti àwo. Mo tún ń wo ọ̀nà, mi ò rí ẹni tó ń bọ̀."

Rissikatou tún ọ̀já mọ́ ara. Ẹniọlá, ọmọ rẹ̀, wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ìyá rẹ̀ fi omi ṣan iṣu, ó gbé e kaná.

Ọyẹ́ ti wálẹ̀ láti òru, ó sì kọ̀ kò lọ. Àwọn òkè Ṣábẹ̀ tó máa ń dúró lẹ́yìn ilé bí àgbà tó jókòó ti ara wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ibi tí òkè wà, funfun ni. Ẹni tó bá kọjá lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ là ń gbọ́ kí a tó rí i, àwọn mìíràn sì wà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí a kò rí wọn rárá.

Lábẹ́ igi máńgòrò, Ìlọ̀rí, baálé ilé, ń gbọ́ rádíò. Élodie, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu rádíò. Àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní Ojú Aráàlú ti fọ́ ibi ìpamọ́ àwọn ọmọ ogun lórí ẹ̀rọ. Wọ́n kó orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn, àti kóòdù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń wọlé síbẹ̀, wọ́n sì dà á síta kí ẹni tó bá wù máa mú. Wọ́n ní kí aráyé lè mọ̀ pé ìyà ń jẹ àwọn ọmọ ogun lẹ́nu ààlà ni. Àwọn tó ń pe orí rádíò pín sí méjì. Àwọn kan ń yìn wọ́n, àwọn kan ń ṣépè fún wọn.

"Wọ́n ṣe dáadáa," Élodie wí. "Ta ni ì bá mọ̀ pé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń ra omi mu fúnra wọn nínú igbó lọ́hùn-ún? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́, àfi kí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ta ni wọ́n fọ́?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Ti àwọn ọ̀gá."

"Orúkọ àwọn ọ̀gá wà nínú ohun tí wọ́n dà síta?"

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ ògiri ni kẹ́ ẹ bá wí, Bàbá."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí i kí aláǹgbá já lu ògiri rí. Ẹni tó sùn tì í ló ń já lé."

Tọ́ládé, àkọ́bí Ìlọ̀rí, ọkọ Rissikatou, wà lára àwọn ọmọ ogun tó wà ní ìhà àríwá. Nínú ilé náà, wọn kì í dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ níta. Bí àlejò bá béèrè, wọn á ní ó ń wakọ̀ ní Parakou. Nítorí náà, nígbà tí bàbá àti ọmọ ń jiyàn lórí àwọn sójà, wọ́n ń jiyàn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ nínú kùrukùru, Théophile aránṣọ sì yọ pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn, ó na tẹlifóònù rẹ̀ sókè. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwọn. Ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé.

"Bàbá, ẹ kú ọyẹ́. Arábìnrin olùkọ́, ẹ kú ìsinmi. Ẹ wá wo nǹkan. Ìwé àwọn sójà ti dé ọwọ́ mi. Gbogbo Ṣábẹ̀ ló ti ní in báyìí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, a wá àwọn ọmọ àdúgbò Bessé, a rí méjì. Ọ̀kan fi orúkọ ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe kóòdù."

Élodie rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀gbà tí ẹ̀rín náà jáde.

"Ẹ jẹ́ ká wá ti Tọ́ládé wò," Théophile wí.

"Má wá a," ni Ìlọ̀rí wí.

"Bàbá, kò sí ohun tó pamọ́ mọ́. Sójà ni. A ti ń mọ̀ ọ́n, a kàn ń dákẹ́ fún yín ni." Àtàńpàkò rẹ̀ ti ń rìn lójú ẹ̀rọ. "Òun rèé. Kaporáàlì ni ipò rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe é nìyí, ti ìyàwó. Kóòdù rẹ̀..." Ó gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ojú. "Alọmápẹ́. Ta ló ń jẹ́ Alọmápẹ́ nínú ilé yìí? Alọmápẹ́ o."

Ìdérí ìkòkò já bọ́ ní ilé ìdáná. Ó yí lórí sìmẹ́ńtì, ó yí títí, kí ó tó dákẹ́.

Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nígbà tí Rissikatou wọlé, ó ti sọ olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀: Élodie di Eyínfúnjowó, Théophile di Alábẹ́rẹ́. Ọkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Bàbá Ẹniọlá lójú gbogbo ènìyàn. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò kan ẹnu aya rẹ̀ rí, ì báà ṣe nínú ìbínú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Tọ́ládé kọ́kọ́ di ẹrù lọ sí káǹpù, Rissikatou sọ ọ́ ní orúkọ kan nínú yàrá, pẹ̀lú ẹnu létí, kí ìrìn rẹ̀ lè yá. Kò sí etí kẹta tó gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá lajú, ìyá rẹ̀ máa ń dúró kó tún sùn kó tó pè é.

Ó jáde sí àgbàlá. Ọṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń nu ọwọ́ sára ìró.

"Alábẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn?"

"Mi ò gbọ́ ọ. Mo kà á ni. Wò ó."

Ó wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí.

"Kí ló dé?" Ìlọ̀rí bi í.

"Ẹnì kan pè mí lọ́jọ́ ọjà," Rissikatou wí. "Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, 'Ìyàwó, Alọmápẹ́ ní kí n kí ọ.' Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè rán an bí kò ṣe Bàbá Ẹniọlá. Ó gbọ́ tí ọmọ ń wúkọ́, ó ṣàdúrà fún un. Ó ní Bàbá Ẹniọlá sọ pé kí òun fi alùpùpù lọ pàdé rẹ̀ bó bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìlà ti gé kó tó sọ ọjọ́ àti ibi tí yóò sọ̀ kalẹ̀."

"O sì sọ fún un."

"Mo sọ fún un."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní òní ni. Mo ní ní oríta Kaboua, ṣáájú ìrọ̀lẹ́. Bàbá Ẹniọlá ló ní òun kò ní í wọ ìlú nínú bọ́ọ̀sì, kí aládùúgbò má baà mọ̀ pé sójà ti dé. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Agnès ti jáde láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti gbọ́.

"Ọmọ mi ń bọ̀ lónìí," ó wí.

Ó yíjú sí Rissikatou.

"Ó ń bọ̀ lónìí, o bẹ iṣu mẹ́ta lójú mi, mo bi ọ́, o ní ebi. Àjèjì gbọ́. Èmi tí mo bí i kò gbọ́."

"Màámi, ó ní kí n—"

"Àjèjì gbọ́."

Ó yí padà, ó wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ tó ń da iṣu sínú odó, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọmọ odó. Ó ń gún un láì dúró gba èémí, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

"Pè é," Ìlọ̀rí wí.

Élodie ti ń pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n mọ̀ pé yóò kú. Àṣẹ ni fún àwọn ọmọ ogun pé bí wọ́n bá ti kúrò ní káǹpù, kí wọ́n pa á títí wọn yóò fi délé.

"Mo ti pa ìwé náà rẹ́," Théophile wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ wò ó, mo ti pa á rẹ́."

"O ṣeun. Lọ pa á rẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kù."

"Gbogbo èèyàn ló ń kà á, Bàbá. Kì í ṣe èmi nìkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí gbogbo èèyàn bá ń tutọ́ sínú kànga, kò sí ẹni tí yóò gbà pé itọ́ tòun ló ba omi jẹ́." Ìlọ̀rí pa rádíò. "Àwọn tó ni ìwé náà mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan pé ó ti jò. Ta ni wọ́n rán wá sọ fún wa? Àwọn tó tú u síta ní tiwa ni àwọn ń ṣe. Ta ni wọ́n bi nínú wa?"

Élodie tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tẹlifóònù Rissikatou dún nígbà náà. Nọ́ńbà náà kò ní orúkọ. Ó gbé e kalẹ̀ lórí àpótí bí ohun tó gbóná. Ìlọ̀rí fi ìka lé ètè, ó sì mi orí sí i pé kó gbé e. Élodie tẹ ibi tí gbogbo wọn yóò ti gbọ́.

"Ìyàwó," ohùn náà wí. "Ẹ kú ọyẹ́. Ikọ́ ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́."

"A dúpẹ́. Alọmápẹ́ ti wà lọ́nà. Kùrukùru pọ̀ níbí, a ò rí ju igi kájú méjì lọ. Mo fẹ́ mọ àwọ̀ bọ́ọ̀sì rẹ̀, kí n má baà dá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ dúró."

Níbí, ó wí; ó ti wà ní oríta. Rissikatou wo baba ọkọ rẹ̀.

"Kò bọ̀ mọ́," ó wí. "Wọn ò fún un láyè. Ó ti sún ìrìn náà síwájú."

Wọ́n ń gbọ́ mímí ẹni náà. Wọ́n ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbi tó wà. Nínú ilé ìdáná, ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

"Ìyàwó," ó wí, láì gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú, "mo ń gbọ́ odó nínú ilé yín. A kì í gún iyán de ẹni tí kò ní í dé."

Ìlà gé. Agnès ṣì ń gún un. Élodie sáré wọlé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọmọ odó, àwọn méjèèjì sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ìlọ̀rí kò pariwo. Ó rán Élodie sí àwọn ọlọ́pàá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ Théophile, ẹni tó ti ń nà án sí i kó tó béèrè. Rissikatou tú ọ̀já, ó gbé Ẹniọlá fún ìyá ọkọ rẹ̀. Agnès gbà á. Ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mú un bọ̀," ó wí.

Bí wọ́n ṣe kúrò láàárín ilé, ayé pin. Títì ọlọ́dà ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú funfun, ó sì ń parẹ́ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tan iná lọ́sàn-án. Ìlọ̀rí, tí kì í gun alùpùpù mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún, tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi orí la kùrukùru. Rissikatou di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ó ń pe orúkọ náà nínú ọkàn bó ṣe máa ń pè é bí ẹ̀rù bá ń bà á, ó sì ń rí i pé kò lè pè é mọ́ kí ohùn tútù yẹn má bá a pè é.

Wọ́n dé oríta Kaboua. Búkà tí wọ́n ti ń ta gàrí níbẹ̀ wà ní títì pa. Lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó yà sí Kaboua, alùpùpù kan dúró lábẹ́ igi kájú. Kò sí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ológbò tó ń sùn.

Ìlọ̀rí pa tirẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì títì.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ó béèrè sínú funfun.

Ewé gbígbẹ rún lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan láàárín àwọn igi, ó sì dákẹ́.

Wọ́n dúró. Bàbá àgbà kan wá láti ọ̀nà oko pẹ̀lú igi ìdáná lórí, ó kí wọn, ó kọjá. Ó kí ẹlòmíràn níwájú díẹ̀, lábẹ́ igi kájú. Wọn ò gbọ́ kí ẹni náà dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni iná méjì yọ láti àríwá, ní ìsàlẹ̀, bí ojú ẹran. Bọ́ọ̀sì ni. Ó ń rọra bọ̀. Ìlọ̀rí sáré sí ojú títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n kí awakọ̀ má dúró. Nínú kùrukùru yẹn, ọwọ́ tó ń sọ pé lọ àti ọwọ́ tó ń sọ pé dúró kò yàtọ̀. Awakọ̀ rò pé èrò ni. Bọ́ọ̀sì náà kọjá lára rẹ̀, ó sì dúró níwájú, níbi tí ọ̀nà Kaboua ti yà.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ìhà àwọn igi. Rissikatou sáré yí iwájú ọkọ̀ ká. Ó rí àpò tí wọ́n kọ́kọ́ jù sílẹ̀, ó mọ àpò náà. Ó rí ẹsẹ̀ kan tó kan ilẹ̀, èkejì ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Ó rí èjìká rẹ̀.

"Alọmápẹ́," ẹnì kan pè láti inú igi kájú.

Ó pè é dáadáa. Ó pè é bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa pè é, rọra, pẹ̀lú ìfà díẹ̀ ní ìparí. Tọ́ládé yí ojú sí ibẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ẹnì kan ṣoṣo láyé ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kan náà ti dé ẹnu Rissikatou. Ó gbé e mì. Bí òun náà bá pè é, yóò di ohùn méjì láti ọ̀nà méjì, ọkọ rẹ̀ yóò sì dúró láàárín láti máa wá èyí tí í ṣe òótọ́. Kò sì sí orúkọ mìíràn tí òun ń pè é tí ẹlòmíràn kò lè pè é.

"Tọ́ládé!"

Ó ró bí àwo tó fọ́. Baba ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́. Àwọn èrò gbọ́. Tọ́ládé gbọ́, ẹ̀rín náà sì kú lójú rẹ̀. Ó mọ ohùn náà. Láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó, kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin tí a kọ́ nílé bíi tirẹ̀ kò ní í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní gbangba, níwájú baba ọkọ, àfi bí ikú bá wà nítòsí.

Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sókè. Wọ́n gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbá ara bọ́ọ̀sì, gbá, gbá, gbá, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ náà sì ṣí kúrò. Funfun gbé e mì.

Àpò rẹ̀ kù sílẹ̀. Ẹnu àpò náà ti là, fìlà ọmọdé aláwọ̀ ewé sì yọ síta.

Rissikatou dúró tì í. Láàárín àwọn igi, ẹnì kan gun alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ náà. Kò yára. Ó yí i padà, ó gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa, ìró rẹ̀ sì ń kéré sí i títí wọn ò fi mọ̀gbà tó dákẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé pẹ̀lú Élodie, ipa táyà ni wọ́n bá. Ìlọ̀rí ròyìn fún wọn. Nígbà tó dé ibi tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti pariwo, ó ní, "Ó pè é," kò sì sọ ohun tó pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tọ́ládé fi ẹ̀rọ ẹlòmíràn pe bàbá rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní ìlú kan ní ìhà gúúsù. Wọ́n ní kó má bọ̀ wá sílé. Wọn yóò dá a padà sí káǹpù láti ibẹ̀. Agnès bá a sọ̀rọ̀, ó sunkún díẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Iyán ti le nínú odó, ó ti di òkúta, kò sì sí ẹni tó bù ú. Élodie fẹ́ gbé e dànù fún ewúrẹ́, ìyá rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé tẹlifóònù fún Rissikatou. Ó gbé e lọ sí ẹ̀bá ọgbà.

"Ohùn rẹ ga," Tọ́ládé wí. Ó ń gbìyànjú láti ṣàwàdà.

"Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú."

"Kí ni kí n máa pè yín báyìí?"

Aya rẹ̀ rò pé ìlà ti gé.

Lójú ọ̀nà, nínú kùrukùru tí kò lọ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ obìnrin kan ń kọjá. Awawou tó ń ta àkàrà ni, a mọ̀ ọ́n nípa ohùn. Ó ti gbọ́ ìròyìn, inú rẹ̀ sì dùn fún wọn lóòótọ́.

"Ìyàwó Alọmápẹ́," ó ké sí i láti ìta, "ẹ kú oríire o."

Rissikatou fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹ̀rọ. Ọkọ rẹ̀ ti gbọ́. Òun náà mọ̀ pé ó ti gbọ́. Àwọn méjèèjì di ẹ̀rọ mọ́ etí, wọ́n ń fetí sí mímí ara wọn, wọ́n ń kà á kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mímí ẹni méjì péré ló wà lórí ìlà náà.